Wúrà Òkè Tó Hù Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí nílé ìwòsàn wa títí dòní ni pé ọkùnrin kan ra irúgbìn iyebíye láti òkè òkun, ó gbìn ín, ó bomi rin ín, ó ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin, ìgbà tó sì dàgbà tán, tẹ̀tẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lu itan, ẹnì kan nínú wọn á sì fi ẹ̀kọ́ dé e lórí: "Ṣé ẹ rí i! Tẹ̀tẹ̀ wa ni wọ́n kó lọ, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, wọ́n sì tún tà á fún wa!"

Ìtàn náà dùn. Adùn rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n fura sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí a ti ń yẹ oúnjẹ wò nílé ìwòsàn yẹn, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé èsì tó bá dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, kí a tún un wọ̀n. Ojú mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kiri lónìí kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn nígbà náà, àfi bóyá àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ni olùtọ́jú sítóò oúnjẹ. Fítámì là ń pè é, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, a kò sì ní oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn: kò lè gbọ́ nǹkan kí ó má ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí o bá sọ fún un pé òjò rọ̀ lánàá, á ní òun ti rí i nígbà tó ṣì wà ní ìkùukùu, òun sì ti gbà á nímọ̀ràn. Bí dókítà bá ní egungun igba ó lé mẹ́fà ló wà lára ènìyàn, Fítámì á mi orí: "Ìyẹn èyí tí wọ́n ti kà." Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Wọn kò bá Fítámì pàdé ni. Tirẹ̀ kún agbọ̀n, ó kún àpò, ó tún dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn ṣá o: ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kòkòrò kò tó bẹ́ẹ̀ kó wọ sítóò rẹ̀. Ẹ̀wà ni o, ìrẹsì ni o, hóró yòówù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ dé orí pẹpẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba inú ààrò búrẹ́dì kọjá, kí ìdin àti ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ó ní ìwé kan tó fi okùn so kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ ló ti ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára ju ti gbogbo dókítà wa lọ. Ìyẹn kì í ṣe oríyìn ńlá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ohun tó sọ ọ́ di Fítámì ni pé wọ́n rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń to àpò oúnjẹ léra. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ fítámì fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọkùnrin wa lọ ní olùtọ́jú sítóò, ó dé ní onímọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun mọ́. Ó ń "gba èròjà sára". Kò jẹ ẹ̀wà mọ́. Ó ń "kó amúaradàgbà wọlé". Awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn, ọkùnrin tí kì í fi ẹnu rẹ̀ sílé, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, tí amúaradàgbà yẹn bá wá fẹ́ jáde ńkọ́, kí lẹ máa ń pè é?"

Fítámì wọ sítóò lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹni kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Ìdáná. Ọdún méjìlélógún ló ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ìdáná, òun náà ló sì bí ìyàwó Fítámì. Láràárọ̀, Fítámì á tẹrí ba fún un lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Òun náà á ní, "Káàárọ̀, ọkọ ọmọ mi," oníkálukú á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ilé ìdáná, Ìyá Ìdáná ní ọgbà ẹ̀fọ́ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ní gígùn, ẹsẹ̀ márùn-ún ní ìbú. Tẹ̀tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, inú ọgbà yẹn ni ọbẹ̀ wọn ti ń wá.

Ìgbà tí ọ̀gá ilé ìdáná fẹ̀yìn tì, gbogbo wa gbà pé Ìyá Ìdáná ló kàn láti jókòó sórí àga náà. Gbogbo wa, yọ Fítámì. Ó kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́jọ, ó gbé e lọ fún Dókítà Àgbà fúnra rẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé oúnjẹ ìgbà ìwáṣẹ̀ là ń fún àwọn aláìsàn, pé omi lásán ló kún inú ewé tí wọ́n ń jẹ, àti pé òun ti rí ọ̀gbìn ilẹ̀ òkèèrè kan tó ń jẹ́ Wúrà Òkè, tí ewé rẹ̀ jẹ́ oògùn, tí hóró rẹ̀ jẹ́ agbára. Kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí wọ́n sì fún òun ní àga. Ó gbé àpò hóró náà dání. Hóró wínníwínní aláwọ̀ wúrà ni, nínú àpò bébà tí wọ́n ya òkè gíga kan sí, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí.

Ọdún tí wọ́n ti gba Dókítà Àgbà síṣẹ́ ni ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó ṣí ti ìkẹyìn wò, ó sì ní, "Gbìn ín. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí Ìyá Ìdáná náà gbin tiwọn síbòmíràn. A ó kó ewé méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú nọ́ńbà, láìsí orúkọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣara lóore jù ló ni àga, òun náà ló ni ilẹ̀."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Iṣẹ́ ọdún méjìlélógún, ọgbà kan, àti ọbẹ̀ àwọn abiyamọ: orí ewé ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ní ọjọ́ tí Fítámì máa gba ilẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó tẹrí ba fún àna rẹ̀.

"Màmá, ẹ máà bínú o. Ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ni."

"Ìlọsíwájú kẹ̀? Orí ẹ̀fọ́ mi lo dúró sí yẹn."

"Màmá, ẹ̀fọ́ yín ò ní èròjà kankan nínú. Omi lásán ni."

"Omi lásán yẹn ni mo fi tọ́ ìyàwó tó ń fọ ṣòkòtò rẹ."

Awakọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó sá lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ láti lọ rẹ́rìn-ín.

Fítámì hú gbogbo rẹ̀ tegbòtegbò. Àwọn tẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ti gbó, orí wọn ti di ìrù, wọ́n ti so hóró dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ọta ìbọn ọmọ èèrà. Ó ń mú wọn ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì kó tó jù wọ́n nù, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, kò fẹ́ kí ẹ̀fọ́ òtòṣì kó erùpẹ̀ Wúrà Òkè lọ. Ìyá Ìdáná kò bá a jà. Ó ṣa ìwọ̀nba tó ṣì kéré, ó lọ gbìn wọ́n sínú bàsíà ńlá kan tó ti lu nídìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Lọ́jọ́ kejì, Fítámì gbin Wúrà Òkè, ó ṣe ọgbà yí i ká, ó sì gbé pátákó dúró: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. WÚRÀ ÒKÈ Ń SÙN.

Awakọ̀ kà á, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí sí ilẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ó máa ń hanrun?"

Lọ́jọ́ karùn-ún, igbe kan ta láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré jáde pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n rò pé ẹnì kan ti ṣubú. Fítámì ni. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀: "Ó ti hù! Wúrà Òkè ti hù!" Òótọ́ ni, nǹkan ti hù, ó hù bí irun orí ọmọ tuntun. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ọgbọ̀n ènìyàn ló sáré wá wò ó. Mọ́kànlá ni, mo kà wọ́n.

Ìyá Ìdáná bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́ títí. "Ọkọ ọmọ mi, eléyìí mà jọ..."

"Kò jọ nǹkan kan, Màmá! Kò sí irú ẹ̀ rí!"

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Obìnrin tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́, kí ọmọ fi orí gbá ògiri.

Bí Fítámì ṣe tọ́jú ewé yẹn, bó bá jẹ́ pé ó tọ́jú ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ì bá ti ga tó òpó iná. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ń fi agboòrùn bò ó lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ á wà nínú oòrùn, á máa làágùn. Ó yá téèpù télọ̀ tó ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń wọn gíga rẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá dé láàárọ̀, ewé ló ń kọ́kọ́ kí kó tó kí àna rẹ̀. Ìgbà tí gbúre hù sáàárín rẹ̀, tí a rò pé ó máa fà á tu, ó ní ká má fọwọ́ kàn án: èkíní ni akọ, èkejì ni abo, ká fún wọn láyè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọkùnrin yìí da omi síwájú, ó dà á sẹ́yìn, ó dà á sínú bàtà ara rẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì líle. Nọ́ọ̀sì ń tì í kọjá lórí kẹ̀kẹ́, ó ní kó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ̀tẹ̀ yín yìí mà ṣe dáadáa!"

Fítámì fi àánú wò ó. "Bàbá, ṣé ojú náà ń dùn yín ni? Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ síwèé."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó já ewé mẹ́ta, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù, ó gbé wọn lọ fi han ìyàwó rẹ̀ nílé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ wẹ̀. Ìyàwó rí ewé, ó fọ̀ ọ́, ó gé e mọ́ èyí tó wà lórí iná. Fítámì jókòó, ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó yínmú.

"Ẹ̀fọ́ lásán! Lọ́jọ́ tó o bá fẹnu kan Wúrà Òkè, wàá mọ̀ pé ìyà lò ń jẹ látọjọ́ yìí."

"Wúrà Òkè yín náà wà nínú ẹ̀. Mo bá a lórí tábìlì."

Ó tún bu ú sẹ́nu. "Hẹn ẹ́n! Mo sọ pé mò ń gbọ́ adùn kan lábẹ́lẹ̀ lábẹ́lẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, oṣù mẹ́ta síra wọn, kò sì yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ìyá Nọ́ọ̀sì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló já ewé náà fúnra rẹ̀, ìdì kan láti inú ọgbà Fítámì, ìdì kan láti inú bàsíà. Ó kọ nọ́ńbà kẹta sára ọ̀kan, ó kọ nọ́ńbà kẹjọ sára èkejì, ó kọ èyí tó jẹ́ ti ta ni sínú ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó gbé e fún Dókítà Àgbà. Èmi ò mọ èwo ni èwo. Mo sá wọn gbẹ, mo lọ̀ wọ́n, mo wọ̀n wọ́n. Mo yẹ amúaradàgbà wọn wò, mo yẹ èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára wò, mo yẹ èyí tó ń ran ojú lọ́wọ́ wò. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Inú bí mi. Mo wọ bàtà, mo lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ dán mi wò ni? Ewé kan náà lẹ pín sí méjì fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọmọ mi búra. Inú ọgbà ni mo ti já ọ̀kan, inú bàsíà ni mo ti já èkejì."

Mo padà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin. Nọ́ńbà kẹjọ fi bíi orí abẹ́rẹ́ ṣíwájú, àmọ́ ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju ohun tó yà wọ́n lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe rí i.

A pàdé ní yàrá ìjẹun. Fítámì wọ kóòtù, ó so táì aláwọ̀ wúrà. Dókítà Àgbà gbé awò wọ̀, ó ní, "Àwọn méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kẹjọ ló ṣíwájú díẹ̀."

Kò tíì ya ìwé tí Ìyá Nọ́ọ̀sì lẹ̀ pa tí Fítámì fi fò dìde. "Mo mọ̀ ọ́n! Nọ́ńbà kẹjọ! Ẹ wo agbára! Ohun tó bá ti òkè wá, òkè náà ló ń lọ! Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa o, nọ́ńbà kẹta yẹn, kí n máà ní kí ẹnikẹ́ni bínú, ewúrẹ́ tó bá nírònú ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá gbin nọ́ńbà kẹta, kó lọ sinmi nílé. Kì í ṣe èébú. Ọjọ́ orí ni."

Ìyá Ìdáná wo ilẹ̀. Dókítà Àgbà ya ìwé náà.

"Nọ́ńbà kẹjọ," ó kà á, "bàsíà tó lu, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi. Nọ́ńbà kẹta: Wúrà Òkè."

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́ gbàgbé láti sunkún. Awakọ̀ dúró lórí bẹ́ǹṣì: "Ọ̀gá, ewúrẹ́ tó nírònú ń kí yín o!"

"Irọ́ ni!" ni Fítámì wí. "Yàrá àyẹ̀wò yìí ló bàjẹ́! Ẹ yẹ ìwọ̀n yẹn wò!"

Mo tẹ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú rẹ̀. Ó kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ìgbà náà ni Dókítà Àgbà bi mí léèrè ohun tó ti ń rìn mí lọ́kàn: kí ló dé tí méjèèjì fi jọra tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìdáná nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Dókítà, ẹ dákun, ṣé kí n sọ̀rọ̀? Tẹ̀tẹ̀ ni méjèèjì. Láti ọjọ́ karùn-ún ni mo ti mọ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni."

Gbogbo wa tú jáde lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀fọ́ náà dúró síbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lábẹ́ agboòrùn. Tẹ̀tẹ̀ ni. Afọ́jú tó bá fọwọ́ pa á á mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ ni. Bàbá àgbẹ̀ ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ó ń fi igi rìn, ó fi igi kan nà sí Fítámì: "Ojú mi ò dùn mí o! Ẹsẹ̀ ni!"

Fítámì dákẹ́. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú àáyá méje. Ẹnì kankan nínú wa kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òwe náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ti fẹ́ máa ṣe mí nígbà tó gbé orí sókè, tó sì rẹ́rìn-ín bíi ti ọkùnrin orí àpò.

"Ẹ ti wá rí i báyìí! Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí látọjọ́ yìí nìyẹn! Wúrà Òkè, tẹ̀tẹ̀ wa ni! Wọ́n kó o lọ, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, wọ́n sì tún tà á fún wa! Ta ló tú àṣírí náà? Èmi ni! Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!"

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́! Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni wọ́n ń gbé e sókè. Awakọ̀ ń ké pé, "Ohun ìbílẹ̀ wa! Ohun ìbílẹ̀ wa!" ó sì ń fi àgbàdo sísun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lu afẹ́fẹ́, àgbàdo tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e la òkun kọjá kó tó dọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Ata inú ọbẹ̀ wa náà, ọ̀nà kan náà ló bá wá. N kò sọ ọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í gbọ́ ìtàn. Dókítà Àgbà bọ Fítámì lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó fi hàn pé ewé ilé tó ewé òkèèrè, ó jọ pé òun ni àga yẹ. Kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí òun lè fọwọ́ sí i. Ìyá Ìdáná gan-an pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó yé e pé ọgbà òun ló ń lọ.

Ibí yìí ni ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ti parí. Ẹ sì ti rí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èmi kò lè sùn lé e. Hóró aláwọ̀ wúrà ni Fítámì gbìn. Hóró tẹ̀tẹ̀ Ìyá Ìdáná dúdú bí èédú. Mo lọ bá Fítámì, mo ní kó fún mi ní díẹ̀ nínú èyí tó kù nínú àpò. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo fẹ́ gbin tèmi. Mo ka ọgọ́rùn-ún hóró sórí aṣọ tútù nínú àwo, mo gbé e sí ojú fèrèsé mi, bí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irúgbìn yè ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ẹ̀wà ogún tí mo rà lọ́jà tì í. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀wà ti yọ ọ̀mùnú. Wúrà Òkè kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀wà ti ń wá ohun tó máa gùn, Wúrà Òkè wà níbẹ̀ bí òkúta etídò. Nínú ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan kò hù.

Ìyẹn ni pé ohun tí Fítámì ń wọn, tó ń fi agboòrùn bò, tó ń kí láàárọ̀, kì í ṣe Wúrà Òkè rí. Hóró tẹ̀tẹ̀ àna rẹ̀ ni, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ̀n sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń hú u. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá gbìn la ó ká. Èyí tí kò gbìn ló ká, ó sì fẹ́ fi gba àga. Bóyá Wúrà Òkè àti tẹ̀tẹ̀ jẹ́ ìbátan, n kò lè sọ, ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn yẹn kò sì lè sọ, nítorí kò sí ẹni tó rí ewé Wúrà Òkè rí.

Ó ku ohun kan: kí ló pa hóró náà? Mo rìn lọ sí sítóò. Fítámì kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ bá télọ̀ nítorí aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ àga. Mo ti ilẹ̀kùn síwájú, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ ohun tí mo rí níbẹ̀ kúrò lára ìṣó.

Kí n tètè sọ fún yín pé Ìyá Ìdáná ló gba àga náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò lórí rẹ̀, ọgbà rẹ̀ sì fẹ̀ títí ó fi kan ògiri ilé ìfọṣọ. Mo fi èyí ṣíwájú kó má baà dí ohun tó kàn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo gbé ìwé náà síwájú Fítámì, mo ní, "Ọ̀gá Sítóò, ẹ dákun, ẹ bá wa ka ìlà tí mo fàmì sí yìí sókè. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára, mi ò fẹ́ ṣì í kà." Awò mi wà lójú mi; kò ṣàkíyèsí. Ọkùnrin yìí kò kọ̀ láti kàwé sókè rí láyé rẹ̀. Ó gbé e, ó húkọ́, ó ka ọjọ́ tó wà lórí ìlà náà jáde gbangba. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣíwájú ọjọ́ tó gbin Wúrà Òkè.

"Wúrà Òkè, àpò kan," ó kà á, ohùn rẹ̀ sì ròkè. "Wákàtí méjì nínú ààrò búrẹ́dì, iná gbígbóná janjan." Níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kà á débi tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́. "Mo fọwọ́ sí i pé ohun abẹ̀mí kankan kò ṣẹ́kù nínú rẹ̀."